Òǹwòran Kọ́ Ni Bàbá Koríko

Bàbá Koríko kú ní ọjọ́ Sátidé, nígbà tí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ku ìṣẹ́jú díẹ̀, láàárín géètì pápá ìṣeré ìlú wa àti ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé ẹ̀rọ amúnáwá olórin kan wá. Ìṣísẹ̀ bí ọgbọ̀n ló kù kí wọ́n gbé e dé títì. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi tọ́jú koríko pápá náà. Nígbà tó di ọjọ́ Mọ́ńdè, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso líìgì gbé àbọ̀ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọjọ́ náà jáde. Ìlà kan péré ni wọ́n fi dárúkọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín bó ṣe wà, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo fi iyọ̀ àti ata sí i: "Òǹwòran kan tó ti dàgbà ṣàìsàn nígbà tí eré ń lọ lọ́wọ́, ọkọ̀ áńbúláǹsì tó wà ní pápá sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn."

Mo ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Òǹwòran kọ́ ni. Áńbúláǹsì kọ́ ló gbé e. Kò sì sí ilé ìwòsàn kankan tó rí i láàyè. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ, "ó ti dàgbà" nìkan ni òtítọ́, èyí náà, iṣẹ́ wọn ló tètè sọ ọ́ di arúgbó.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí n júwe rẹ̀ fún yín. Ọkùnrin gíga ni, ó tín-ín-rín, irun orí rẹ̀ ti funfun, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì le bí awọ. Kì í wọ bàtà wọ inú pápá. Bó bá ti dé ibi ìlà funfun, á bọ́ bàtà rẹ̀, á tò ó pọ̀ bí ẹni tó fẹ́ wọ pálọ̀ olówó, á wá máa fi ẹsẹ̀ lásán rìn láti ojú gòólù kan dé èkejì. Mo bi í nígbà kan ìdí tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Akọ̀ròyìn, ojú ò lè rí omi tó sá pamọ́ sábẹ́ koríko. Ẹsẹ̀ ló ń rí i. Ibi tó bá ti tutù jù lónìí, ibẹ̀ ni ọmọ ọlọ́mọ á ti yí lẹ́sẹ̀ lọ́la." Ó wo bàtà mi. "Bàtà yín yìí ti pa koríko mẹ́rìnlá látìgbà tí ẹ ti dúró síbẹ̀ yẹn." Mo sún sẹ́yìn. Ó ní, "Ó di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún." Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ jù lọ nípa rẹ̀ ni pé Bàbá Koríko kì í wo bọ́ọ̀lù. Bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, á gbé àpótí kékeré kan sí ẹ̀yìn gòólù, á jókòó, á tẹ orí ba. Ilẹ̀ ló ń wò. Ó ń ṣọ́ ibi tí bàtà ti họ ilẹ̀, ibi tí wọ́n ti já koríko tegbòtegbò, kí ó lè sáré wọlé nígbà ìsinmi àárín eré, kí ó sì fi ọwọ́ tẹ gbogbo rẹ̀ padà sáyè wọn. Bí gbogbo pápá bá kígbe "Gòóòlù!", kì í gbójú sókè. Lẹ́yìn eré ló tó máa ń bi awakọ̀ bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, pé, "Ta ló borí?" Awakọ̀ á ní, "Àwa ni, bàbá." Òun á mi orí. "Irọ́ ni. Ẹ wo iwájú gòólù yẹn. Koríko ló fìdí rẹmi."

Ọkùnrin yìí ni wọ́n pè ní òǹwòran! Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kò rí bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo kí ó wọ àwọ̀n, torí pé iṣẹ́ ló bá wá. Nígbà tó wá kú tán, wọ́n ní ìran ló wá wò.

Ọ̀rọ̀ áńbúláǹsì ni gbòǹgbò gbogbo rẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kí n ṣàlàyé. Òfin líìgì sọ pé ẹgbẹ́ tó bá gba àlejò gbọ́dọ̀ ní áńbúláǹsì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá kí rẹfirí tó fọn fèrè. Bí kò bá sí, eré ò ní wáyé, wọ́n á sì ka onílé sí ẹni tó pàdánù. Líìgì máa ń rán alábòójútó kan wá sí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, òun náà ló ń kọ àbọ̀ rẹ̀ fún ìgbìmọ̀. Ọ̀gbẹ́ni náà á mú fọ́ọ̀mù rẹ̀ dání, á rìn yí pápá ká, á máa fa máàkì sí ohun tó bá rí. Àwọ̀n gòólù: ó wà. Àsíá igun pápá: ó wà. Áńbúláǹsì: ó wà.

Ó kúkú wà lóòótọ́. Ó funfun báláú, wọ́n kun àmì pupa sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, iná wà lórí rẹ̀. Ohun tí kò ní ni ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì náà ti bàjẹ́ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n tú u jáde, wọ́n ní àwọn ń gbé e lọ tún ṣe, àlọ rẹ̀ la rí. Láràárọ̀ ọjọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, kí agbábọ́ọ̀lù kankan tó dé, awakọ̀ bọ́ọ̀sì á so okùn mọ́ áńbúláǹsì yìí, á wọ́ ọ láti ẹ̀yìn yàrá tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ti ń pààrọ̀ aṣọ wá sí ẹ̀gbẹ́ pápá, á kọjú rẹ̀ sí géètì bí ọkọ̀ tó ti ṣe tán láti sáré. Bàbá Koríko á fọ̀ ọ́, akọ̀wé ẹgbẹ́ ló pa á láṣẹ. Láàárín ọ̀sẹ̀, inú rẹ̀ ni wọ́n ń kó àpò ẹfun tí wọ́n fi ń fa ìlà sí, àti àwọ̀n, àti àsíá.

Ọdún mẹ́ta, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjìdínláàádọ́ta, máàkì méjìdínláàádọ́ta. Ṣé kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú àwọn alábòójútó wọ̀nyí tó bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ló dé tí kì í sí awakọ̀ nínú ọkọ̀ yìí? Ta ló tiẹ̀ gbọ́ ìró rẹ̀ rí kó dún gbìì? Ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apiroro.

Bàbá Koríko kò sùn ní tirẹ̀. Kì í ṣe ọ̀mọ̀wé, ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ ló bá a kọ lẹ́tà sí akọ̀wé ẹgbẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo ti fi ojú ara mi rí wọn, torí inú ìwé tí ìyá ń kọ ìwọ̀n aṣọ oníbàárà sí ló ti kọ́kọ́ kọ wọ́n, kó tó dà wọ́n kọ sórí bébà tó mọ́. Lókè ojú ewé kan ni ìwọ̀n ìbàdí àti gígùn apá obìnrin kan tó fẹ́ rán kaba wà. Nísàlẹ̀ rẹ̀ gan-an ni ó kọ ọ́ sí pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín. Ọkọ̀ tí ẹ ní kí n máa fọ̀ yìí kò lè gbé ẹnikẹ́ni dé ibi kankan. Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù yìí, ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣubú ńkọ́?" Ẹ kíyè sí i pé kò sọ̀rọ̀ ara rẹ̀ rárá. Kò wá sí i lọ́kàn pé òun lè jẹ́ ẹni tó máa ṣubú.

Èsì wo ni wọ́n fún un? Akọ̀wé pè é sí ọ́fíìsì, ó sì sọ fún un lójú awakọ̀ bọ́ọ̀sì pé, "Bàbá, koríko la gbà yín fún. Ẹ fi mọ́tò sílẹ̀ fún onímọ́tò."

Kí n tó na ìka sí ẹnikẹ́ni síwájú sí i, ẹ jẹ́ kí n na ọ̀kan sí ara mi. Èmi náà mọ̀. Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, oòrùn mú gan-an lọ́jọ́ kan, mo lọ sá sí òjìji áńbúláǹsì yẹn, mo sì yọjú wo inú rẹ̀. Mo rí àpò ẹfun. Mo rí àwọ̀n. Mo bi awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ó sọ òótọ́ fún mi. Kí ni mo ṣe? Mo fi í dá àpárá! Inú ìwé ìròyìn yìí kan náà ni mo kọ ọ́ sí, pé áńbúláǹsì ẹgbẹ́ wa nìkan ló wà láyé tó ń gbé ẹfun lọ gba ìtọ́jú. Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin òǹkàwé pè mí lórí fóònù pé mo pa yín lẹ́rìn-ín títí inú fi ń run yín. Mi ò béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé, mi ò kọ̀wé sí líìgì, mi ò padà sórí ọ̀rọ̀ náà mọ́. Bàbá Koríko nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó pàdé mi lọ́sẹ̀ kejì, ó ní, "Wọ́n kà á sí mi létí. Ó dùn-ún gbọ́. Ṣé wọ́n ti wá gbé ẹ́ńjìnnì bọ̀?" Mo ní rárá. Ó ní, "Ẹ ò rí i bí." Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì kúrò lára mi títí di àárọ̀ òní.

Ó wá di ọjọ́ Sátidé náà. Eré ti wọ ìṣẹ́jú kẹrìnlélọ́gọ́ta, òmì la ń ta, kò sẹ́ni tó tíì jẹ gòólù. Agbábọ́ọ̀lù àlejò kan yọ̀ tẹ̀rẹ́ níwájú gòólù, ó sì fi bàtà hú ilẹ̀ tó fẹ̀ tó abọ́. Bọ́ọ̀lù jáde. Bàbá Koríko dìde lórí àpótí rẹ̀, ó fẹ́ yára fi ọwọ́ tẹ koríko náà padà. Kò dé ibẹ̀. Ó fi ọwọ́ di àyà mú, ó kúnlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kíni, ó sì dojú bolẹ̀.

Gólì àwọn àlejò ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó kígbe, "Áńbúláǹsì dà? Ẹ pe áńbúláǹsì!" Gbogbo ojú yí sí ọkọ̀ funfun náà. Àwọn àlejò mẹ́rin gbé bàbá lọ síbẹ̀, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n kó àpò ẹfun sọ síta, wọ́n tẹ́ ẹ sórí àwọ̀n. Wọ́n wá awakọ̀, wọn ò rí awakọ̀. Ọ̀kan nínú wọn jókòó sí ìdí ọkọ̀, ó wá kọ́kọ́rọ́, kò rí kọ́kọ́rọ́. Ó pariwo pé bátìrì ló ṣeé ṣe kó ti kú, kí wọ́n tì í. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Ẹni mẹ́rin di mẹ́sàn-án. Rẹfirí fúnra rẹ̀ ki èjìká bọ̀ ọ́. Wọ́n ń tì, wọ́n ń kígbe, "Ó ti fẹ́ gbà! Ẹ tì í! Ó ti fẹ́ gbà!"

Ọkọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń tì o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìṣẹ́jú mẹ́fà gbáko.

Níbo wá ni akọ̀wé ẹgbẹ́ wà? Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ alábòójútó, kò jìnnà sí wọn tó ibi tí èèyàn lè ju òkò dé. Mo rí i. Ó la ẹnu, ó pa á dé. Ó wo fọ́ọ̀mù tó wà lọ́wọ́ alábòójútó, ó wo àwọn tó ń ti ọkọ̀, ó tún la ẹnu, ó tún pa á dé. Gbólóhùn kan péré là ń retí lẹ́nu rẹ̀: "Kò ní ẹ́ńjìnnì." Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, ẹgbẹ́ pàdánù eré nìyẹn. Ó gbé póìǹtì kan tó ṣeé ṣe kí a rí nínú òmì sórí ìwọ̀n, ó gbé Bàbá Koríko sí apá kejì, ó sì dákẹ́. Èmi tí mo mọ̀ ńkọ́? Òkè lọ́hùn-ún ni mo wà, níbi ìjókòó àwọn akọ̀ròyìn. Mo ń sáré bọ̀ nílẹ̀, mo ń pariwo, àmọ́ ta ló ń gbọ́ ohùn ẹnì kan láàárín ariwo yẹn? Kí n tó dé ìsàlẹ̀, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ti sáré dé láti ibi tó ti lọ kọjú bọ́ọ̀sì rẹ̀ sí géètì. Ó gbé ọwọ́ lé orí. Ó kígbe pé, "Kò sí ẹ́ńjìnnì níbẹ̀! Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀! Ẹ gbé e wá sínú bọ́ọ̀sì!"

Wọ́n jáwọ́ lára ọkọ̀ náà. Gólì àwọn àlejò wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó bi awakọ̀ ní jẹ́jẹ́, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kí ni?"

Wọ́n gbé bàbá sínú bọ́ọ̀sì. Bọ́ọ̀sì dé géètì, kò rí ibi gbà. Alága ẹgbẹ́ ti fi pápá háyà fún olórin kan tó fẹ́ ṣeré ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta tó gbé ẹ̀rọ amúnáwá àti àwọn irin ìtàgé sì ti dí ẹnu ọ̀nà pa. Awakọ̀ fọn fèrè títí. Wọ́n ní ẹni tó wa ọkọ̀ tó wà níwájú ti lọ jẹun. Ìgbà náà ni wọ́n tún sọ Bàbá Koríko kalẹ̀, tí wọ́n fẹ́ fi ọwọ́ gbé e gba àárín àwọn ọkọ̀ akẹ́rù kọjá sí títì. Ibẹ̀ ló kú sí. Ọwọ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni orí rẹ̀ wà.

Wọ́n sì parí eré náà. Mo fi ọlá ìyá mi búra, wọ́n padà wọlé, wọ́n gbá ìṣẹ́jú tó kù, a ta òmì, oókan sí oókan. Akọ̀wé rí póìǹtì rẹ̀ gbà.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, alága pe àwa akọ̀ròyìn jọ. Ó ní ẹgbẹ́ ń kó lọ sí ìlú kékeré kan tó jẹ́ ìrìn wákàtí mẹ́ta sí wa, "fún ìgbà díẹ̀," títí wọ́n á fi tún pápá ṣe. Mo ti gbọ́ orin yìí rí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ nígbà tí ẹgbẹ́ ilé iṣẹ́ aṣọ lọ. Ẹgbẹ́ mẹ́rin ló ti bọ́ mọ́ ìlú yìí lọ́wọ́ lójú ayé mi, kò sí èyí tó padà wálé. Mo bi alága pé kí ló fà á tí ìlú tó tóbi tó báyìí kò fi lè mú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan dúró. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ẹ̀yin ará ìlú ńlá ni. Ẹ ò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ilé. Tẹlifíṣọ̀n lẹ mọ̀."

Ẹ gbọ́ ná. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, mi ò ní parọ́. Àwọn ilé ìwòran kún fọ́fọ́, àwa èèyàn sì ń tìtorí ẹgbẹ́ òkèèrè gbá ara wa létí, ẹgbẹ́ tí a ò mọ ọ̀nà ìlú wọn. Èmi náà máa ń lọ. Ṣùgbọ́n ta ló lé wa débẹ̀? Ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ gbé eré sí aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Wẹ́sìdeè, ẹ wá ń bi bíríkìlà pé kí ló dé tí kò wá! Ẹ yí orúkọ ẹgbẹ́ padà lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún mẹ́fà, torí pé alága kọ̀ọ̀kan tó bá dé ló fẹ́ kí wọ́n rántí òun, ẹ wá ń retí kí bàbá kọ́ ọmọ rẹ̀ lórin ẹgbẹ́. Orin wo? Orúkọ wo? Ní ọjọ́ Jímọ̀, ẹ ní eré wà lọ́la. Ní àárọ̀ Sátidé, ẹ ní ẹnì kan ti gba pápá fún ìpàdé, ẹ sún un di Mọ́ńdè. Ọkọ̀ akẹ́rù gun orí koríko tí arúgbó kan fi oṣù mẹ́rin gbìn. Alága tún ń sọ pé ilẹ̀ ibẹ̀ dára fún ilé ìtajà.

Èrò ò wọ́n ní ìlú ńlá, owó ò sì wọ́n níbẹ̀. Ẹni tó máa dìde pé "tèmi ni èyí, ẹ má fọwọ́ kàn án" ló wọ́n. Nínú ìlú tí a kì í ka iye èèyàn inú rẹ̀ tán, ẹyọ kan ni mo mọ̀ tó ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa pápá yẹn. Ẹ ti mọ ibi tó kú sí.

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú kékeré tí ẹgbẹ́ kó lọ. Mo fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ní tí a ò ní. Pápá wọn kò tó ìdajì tiwa. Kápẹ́ńtà àdúgbò ló kan àwọn ìjókòó, obìnrin kan, ọ̀gá ilé ìwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ géètì, mo sì rí bí obìnrin náà ṣe lé olóṣèlú kan padà pé kò ní fi ọkọ̀ gun koríko òun. Áńbúláǹsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Mo rìn lọ bá awakọ̀ tó jókòó sínú rẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí bónẹ́ẹ̀tì." Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Kí lẹ fẹ́ wò níbẹ̀?" Mo ní, "Ẹ ṣáà bá mi ṣí i." Ó ṣí i. Ẹ́ńjìnnì wà níbẹ̀. Ó dọ̀tí, òróró yí i lára, ó ń gbọ̀n lórí ìjókòó rẹ̀ torí pé awakọ̀ ò pa á láti ìgbà tí eré ti bẹ̀rẹ̀. Mo dúró síwájú rẹ̀, àgbàlagbà bíi tèmi, mo sunkún.

Ọjọ́ yẹn náà ni mo rí èyí tó bí mi nínú jù. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kí gbogbo èèyàn dìde fún ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú kan. Mo ṣí fìlà. Mo rò pé Bàbá Koríko ni. Kóòṣì ilẹ̀ òkèèrè kan tó ti fẹ̀yìn tì ló kú ní ọ̀sẹ̀ yẹn, òun ni ẹgbẹ́ wa ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ títí ó fi kú pé a wà láyé! Tẹni n tẹni, tàkísà ni tààtàn, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí, ṣùgbọ́n àwa ò mọ èyí tó jẹ́ tiwa mọ́.

Mo lọ kí ìyá aránṣọ nílé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Yàrá méjì ni wọ́n ń gbé, ẹ̀rọ ìránṣọ wà lójú fèrèsé. Kò sí ẹnì kankan láti ẹgbẹ́ tó wá síbi ìsìnkú, àfi awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Gólì àwọn àlejò wá láti ìlú rẹ̀, ó sì bá wọn gbé pósí. Àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ ò wá síbi ìsìnkú, àmọ́ wọ́n ti wá lẹ́yìn náà. Akọ̀wé ló wá. Ó gbé bébà kan dání, pé kí ìyá fọwọ́ sí i pé òun fara mọ́ àbọ̀ tí líìgì gbé jáde. Ó ní bó bá fọwọ́ sí i, wọ́n á ṣe ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú kan fún bàbá ní eré tó ń bọ̀, wọ́n á tún gbé fọ́tò rẹ̀ síta.

Mo bi ìyá pé, "Màmá, kí lẹ wá sọ?"

Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Mo ní kó jókòó, kó kà á fún mi. Ó ní mo mọ̀wé kà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ kó kà á. Kò kà á. Ó ń wo ilẹ̀." Ó fi etí aṣọ nu gíláàsì náà. "Akọ̀ròyìn, ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi wà nílé ọkùnrin yìí. Bó bá jẹ́ pé ìran ló ń lọ wò ni, èmi ì bá ti rí i nílé ní Sátidé kan rí. Iṣẹ́ ló ń lọ. Iṣẹ́ ló lọ lọ́jọ́ yẹn náà. Kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò béèrè ohun mìíràn lọ́wọ́ wọn."

Ẹ gbọ́ ohun tí obìnrin yìí ń béèrè. Kò ní kí wọ́n fi orúkọ ọkọ òun pe pápá. Kò ní kí wọ́n mọ ère. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ní kí wọ́n tún ṣe, wọn ò sì lè ṣe é! Ẹ̀yin ẹ mọ ìdí. Bí wọ́n bá kọ "òṣìṣẹ́" síbẹ̀, ẹnì kan á béèrè ẹni tó gbà á síṣẹ́. Bí wọ́n bá kọ pé kò sí áńbúláǹsì, ẹnì kan á lọ hú máàkì méjìdínláàádọ́ta jáde, á sì béèrè ọwọ́ tó fà wọ́n.

Èmi ni mo ń béèrè báyìí. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé, nítorí náà ẹ má dá agbábọ́ọ̀lù lẹ́bi, ẹ má sì sọ pé gbogbo ìlú ló jẹ̀bi, torí bí a bá ti ní gbogbo ìlú ló ṣe é, kò sí ẹni tó ṣe é mọ́ nìyẹn. Akọ̀wé tó gba lẹ́tà mẹ́ta, tó sì dúró wo àwọn èèyàn fún ìṣẹ́jú mẹ́fà láìlanu, kí ó wá dáhùn. Alága tó fi ọkọ̀ akẹ́rù dí ẹnu ọ̀nà pápá nígbà tí eré ṣì ń lọ, kí ó wá dáhùn. Kí gbogbo àwọn tó fa máàkì sí ọkọ̀ tí kò lè rìn wá pẹ̀lú bírò wọn. Kí wọ́n kọ orúkọ tèmi náà mọ́ tiwọn, èmi tí mo rí i tí mo fi ṣẹ̀fẹ̀. Mo ti fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ pé mo ṣe tán láti jẹ́rìí, àti pé kí wọ́n bi mí léèrè ohun tí mo mọ̀ àti ìdí tí mo fi dákẹ́.

Ìgbìmọ̀ líìgì á jókòó ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀, láti buwọ́ lu àbọ̀ náà pátápátá. Ìyá aránṣọ ń lọ. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì á bá a lọ, èmi náà á sì wà níbẹ̀. Mo fẹ́ kí alábòójútó tó kọ ìlà yẹn dìde, kí ó yíjú sí obìnrin náà, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ kà á sí i létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bó bá lè kà á parí láìgbójú sílẹ̀, èmi á pa kálàmù mi tì. Bí kò bá sì lè kà á, kí ó mú bírò lójú gbogbo wa, kí ó fa igi lé e, kí ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé òṣìṣẹ́ ni, ẹnu iṣẹ́ ló kú sí, kò sì sí áńbúláǹsì.